Ẹ Bi Ìyá Olódòdó: Omi Ló Ń Pa Adé Ẹ̀gún Yín

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Lóṣù tó kọjá, mo dárúkọ adé ẹ̀gún lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí mo ń dá ẹnì kan lóhùn, ẹni tó fẹ́ igi ẹlẹ́wà tí kò ní máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin lẹ wá fi lẹ́tà kún orí tábìlì mi. Ó dáa, òun nìkan la ó jọ sọ lónìí.

Fún ẹni tí kò bá dá a mọ̀: igi kúkúrú ni, ara rẹ̀ láwọ̀ eérú, ẹ̀gún bò ó láti ìdí dé orí, ewé kì í sì í pọ̀ lára rẹ̀ àfi ní ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun. Ewé pupa kékeré méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni gbogbo wa ń pè ní òdòdó rẹ̀; òdòdó tòótọ́ ni èyí tó rí tíńtín láàárín wọn. Ẹ máa ń rí i níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú báǹkì, àti nínú ìkòkò amọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn níbí. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Euphorbia milii. Kì í ṣe òdòdó tó ń kú bí òjò bá ti lọ. Ọdún lórí ọdún ló fi ń wà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí mo sì pàtẹ òdòdó sí etí títì, n kò tíì rí igi tí àwọn oníbàárà mi ń fi ìtọ́jú pa tó èyí.

Lẹ́tà tó kan ojú ni mo fi ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọkọ mi ń gé adé ẹ̀gún iwájú ilé, oje rẹ̀ ta sí i lójú. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún wàrà ọmú sí i torí pé mo ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ṣé kí n ṣe é? (Ìyá ọlọ́mọ, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ ojú kì í dúró de ìwé ìròyìn. Mo ti pe arábìnrin yìí lórí fóònù kí n tó jókòó kọ ìdáhùn, ọkọ rẹ̀ sì ti rí dókítà ojú. Nítorí ẹlòmíràn ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí. Wàrà ọmú kọ́, epo pupa kọ́, omi àgbọn kọ́. Omi mímọ́ lásán ni. Kí ẹni náà fi orí lé ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ìka mímọ́ la ìpéǹpéjú rẹ̀, kí ẹ sì máa rọra da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ó bá lo awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kí ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ló kàn, bó tilẹ̀ ní ara ti tu òun. Oje yìí lè dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan kí ojú tó wá wú, kí ìríran sì máa ṣe bàìbàì. Ẹ sọ fún dókítà pé oje adé ẹ̀gún ni. Ẹ tilẹ̀ lè ya fọ́tò igi náà dání.

Ẹ̀gún ni gbogbo ènìyàn ń sá fún lára rẹ̀, òótọ́ sì ni pé ẹ̀gún náà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ṣùgbọ́n ojú rí ẹ̀gún, ojú kò rí oje títí ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án. Oje náà máa ń jó awọ ara, ó sì máa ń da inú rú bí ọmọ tàbí ajá bá jẹ ẹ̀ka rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni òun àti oró ẹ̀yìnkùlé àwọn baba wa, làpálàpá, làárà, igi rọ́bà, àní ẹ̀gẹ́ tí à ń fi ṣe gàrí pàápàá. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ìgò ojú ni mo fi ń gé tèmi. Kò sí ohun tó ń jẹ́ «mo kàn fẹ́ já ẹ̀ka kan péré ni».

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mama. Mo ra adé ẹ̀gún méjì nígbà ọdún Àjíǹde, wọ́n ń tanná dáadáa. Mo gbé wọn wọ pálọ̀ kí ewúrẹ́ àdúgbò má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní báyìí, ewé wọn ń pọ́n, ó ń já, ìdí ọ̀kan sì ti ń rọ̀. Aládùúgbò mi obìnrin kan wà tó máa ń wò wọ́n ṣáá tó bá wọlé. Ṣé kò ti fi ojú burúkú wò wọ́n báyìí? (Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀, Tíṣà wa. Òdòdó yín rẹwà, ló ṣe ń wò ó. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rì wọ́n sómi.

Ilẹ̀ tí igi yìí ti ṣẹ̀ wá, ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ máa ń gùn. Inú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, ó sì kọ́ bí a ti ń fi òùngbẹ gbé ayé. Bí ẹ bá wá ń bomi lémọ́lẹ́mọ́, tí iyẹ̀pẹ̀ kò ráyè gbẹ, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò jẹrà. Gbòǹgbò tó bá ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, ewé á wá rọ. Ohun tó ń tan yín jẹ nìyẹn: ẹ rí ewé tó rọ, ẹ rò pé òùngbẹ ni, ẹ tún bu omi kún un.

Ọ̀rọ̀ pálọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Níbi tí oòrùn kò bá ti kàn án tààrà fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́, òdòdó rẹ̀ á dínkù, ara rẹ̀ á gùn láìnídìí, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ò sì ní tètè gbẹ. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí ẹ sọ ní láárí, torí kì í ṣe gbogbo ewúrẹ́ ló lọ́gbọ́n. Ẹ gbé wọn sórí ìgànná bákónì tàbí orí búlọ́ọ̀kù tí ẹ tò sókè.

Ohun tí ẹ ó ṣe lónìí rèé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ yọ èyí tí ìdí rẹ̀ rọ̀ kúrò nínú ìkòkò. Gbòǹgbò tó funfun tó sì le, ẹ dá a sí. Èyí tó dúdú tó sì ń yọ̀, ẹ gé e dànù. Ẹ wá wo igi fúnra rẹ̀: ẹ fi ọ̀bẹ kàn án díẹ̀ níbi tó ṣì le. Bí oje funfun bá sun jáde, ibẹ̀ wà láàyè. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ìpẹtà tí kò sì sun nǹkan kan, ibẹ̀ ti kú, ẹ máa gé e lọ sókè títí ẹ ó fi rí oje. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí nìkan ló máa kù. Ẹ ka ìdáhùn tí mo fún ọmọ kọ́pà nísàlẹ̀, ẹ ó rí bí ẹ ṣe máa tún un gbìn. Èyí tí ìdí rẹ̀ kò tíì rọ̀, ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ìdajì iyanrìn odò tí kì í ṣe ti etí òkun, ìdajì ilẹ̀ dúdú, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike, kó sì ní ihò nídìí. Mo ti rí ìkòkò olówó ńlá tí kò nihò. Agbada ọbẹ̀ nìyẹn, ẹ lọ fi se nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tọ́jú ife omi yín sí kọ̀rọ̀. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ yí padà. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi sí i títí yóò fi jò jáde nídìí, kí ẹ sì da èyí tó bá dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ máa ń tó o. Lákòókò òjò, bí ó bá wà níta, òjò ń bomi rin ín ju bó ṣe fẹ́ lọ, ẹ̀yin ẹ fọwọ́ lẹ́rán.

Kí n fi èyí kún un kí ẹ má baà tún kọ lẹ́tà lóṣù Kejìlá: bí ọyẹ́ bá dé, ewé lè já púpọ̀ kí ó ku ẹ̀gún nìkan. Bí igi bá ṣì le, ó ń dín ìnáwó omi kù ni. Ewé kì í tún hù níbi tó ti já lára igi àgbà. Orí ẹ̀ka ni tuntun yóò ti yọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ìdí rẹ̀ ní ìhòòhò, kó gbin nǹkan kúkúrú sí i nídìí.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín nínú Olúwa. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe eré ìjìyà Jésù lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Wọ́n fẹ́ gé adé ẹ̀gún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi hun adé fún ọmọ tó máa ṣe Jésù, kó lè jọ ti gidi. Àwọn kan sọ pé igi náà gan-an ni wọ́n fi dé Jésù lórí ní Gọ́lígọ́tà. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìjọ, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ wo bí yóò ti rí: ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, oje ń sun níbi púpọ̀ lára rẹ̀, wọ́n wá gbé e lé orí ọmọ tó ń làágùn nínú oòrùn ọ̀sán. Òógùn náà yóò kó oje wá sí iwájú orí, láti ibẹ̀ ó di ojú. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lókè yìí ti sọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Kí àwọn ọ̀dọ́ lo imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n hun, kí wọ́n fi igi ìtayín há a lára, kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀. Láti orí àga ìjọ, ta ni yóò mọ̀?

Ní ti ìbéèrè yín kejì, kò lè jẹ́ òun. Erékùṣù Madagásíkà, nínú òkun tó wà ní ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà, ni igi yìí ti wá. Ọ̀gágun ojú omi ará Faransé kan tó ń jẹ́ Milius, tó jẹ́ gómìnà erékùṣù Bourbon tí a mọ̀ sí Réunion lónìí, ló fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé ní 1821. Ní 1826 ni onímọ̀ ewéko Charles des Moulins kọ nípa rẹ̀, tó sì fi orúkọ gómìnà náà sọ ọ́. Ìyẹn ni milii tí ẹ ń rí lẹ́yìn Euphorbia. Jerúsálẹ́mù ìgbà Pílátù kò mọ̀ ọ́n rí. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń hù ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì fúnra rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ziziphus spina-christi, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣèwádìí ń tọ́ka sí, bí àwọn tó kọ Ìhìn Rere kò tilẹ̀ dárúkọ igi kankan ju ẹ̀gún lọ.

Ìyẹn ò ní kí ẹ fà á tu níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ẹtì Rere bí ó ti wà; ó máa ń kún fún òdòdó lásìkò náà.

ÌBÉÈRÈ: Mummy, mo ń gbé ní Peckham ní London, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Adé ẹ̀gún wà níwájú ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde láti kékeré mi. Mo ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, mo fẹ́ gé ẹ̀ka kan sínú àpótí ẹrù mi. Báwo ni mo ṣe máa dì í? Ṣé ó lè yè nínú òtútù? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, London)

ÌDÁHÙN: Nọ́ọ̀sì mi, má dì í. Ewéko tí èèyàn fẹ́ lọ gbìn ní ìlú ọba gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọ̀dọ̀ ìjọba ibi tó ti ń bọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Euphorbia tó ń tọ́jú omi sínú ara rẹ̀ ló wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 láti dáàbò bo ohun abẹ̀mí tí òwò lè run. Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n yọ àwọn irú Euphorbia milii tí wọ́n gbìn nínú ọgbà kúrò nínú òfin náà, kìkì bí iye rẹ̀ bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹrù kan ṣoṣo. Olówò tó kó ọgọ́rùn-ún lọ bọ́ lọ́wọ́ CITES. Ìwọ tó mú ẹyọ kan torí ilé bàbá rẹ ni wọ́n á dá dúró. Ra èyí tó wà ní London. Àwọn tó ń ta igi inú ilé ní in, ọ̀kan náà sì ni.

Nípa òtútù, bí ooru bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 10 lọ, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Yìnyín a sì pa á pátápátá. Ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni kó wà, kó má fara kan gíláàsì lóru, kó má sì wà lórí ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó. Bí oṣù Kẹfà bá dé, gbé e síta kó rí oòrùn. Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá ṣì ń rákò, fèrèsé gíga ni o.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kọ́pà ni mí ní Ìbàdàn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò òdòdó díẹ̀díẹ̀. Mo gé ẹ̀ka adé ẹ̀gún, mo tì í bọ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́, gbogbo rẹ̀ ló jẹrà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Wọ́n tún fi irú kan hàn mí tí òdòdó rẹ̀ tóbi gan-an, tó wọ́n. Wọ́n ní láti Thailand ni. Mo rò pé kí n ra ọ̀kan, kí n gbin hóró rẹ̀. (Kọ́pà oníṣòwò)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, inú mi dùn sí ẹ. Ẹ̀gẹ́ ló ṣì ẹ́ lọ́nà. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Ọgbẹ́ adé ẹ̀gún gbọ́dọ̀ jiná kó tó wọlẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, kí òjò tó máa dà. Wọ ìbọ̀wọ́ àti ìgò ojú rẹ. Yan orí ẹ̀ka tó le, tí kò yọ òdòdó púpọ̀, kí o gé e ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ti ojú ọgbẹ́ bọ omi tútù títí oje yóò fi dákẹ́. Wọ́n omi sójú ọgbẹ́ ìyá igi náà pẹ̀lú. Yóò dákẹ́, tó bá sì yá, ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń yọ níbi tí o ti gé ọ̀kan, èrè tìrẹ nìyẹn. Já ewé ìsàlẹ̀ kúrò lára ohun tí o gé, tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ níbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí o fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan. Ojú ọgbẹ́ yóò gbẹ, yóò sé. Ìgbà yẹn gan-an ni gbígbìn.

Ìwọ̀n iyanrìn méjì sí ìwọ̀n ilẹ̀ kan ni mò ń pò, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú tí mo ti lu nídìí. Tì í wọlẹ̀ níwọ̀n ìka méjì ní fífẹ̀, tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, bomi sí i lẹ́ẹ̀kan, kí o sì gbàgbé rẹ̀ títí iyẹ̀pẹ̀ yóò fi gbẹ. Òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fẹ́ báyìí, kì í ṣe oòrùn gangan. Gbòǹgbò yóò yọ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ. Má máa fà á wò! Mo mọ ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí o bá rí ewé tuntun lórí rẹ̀, o ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Oje tó bá gbẹ mọ́ ọ̀bẹ, fi kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi. Bí o bá rí kòkòrò funfun bí ìjá òwú ní ìdí ewé, fi òwú tí o rì sínú sípírítì pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ràn.

Má gbé e sọ́jà títí yóò fi tanná. Ojú ni oníbàárà fi ń ra òdòdó. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15, ṣíbí tíì kan fún ìkòkò ńlá, lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, ti tó. Bí o bá da ìgbẹ́ adìyẹ lé e lórí, ewé ni yóò máa yọ fún ẹ, o ò ní rí òdòdó.

Nípa ti Thailand, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ. Àwọn ará ibẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún so Euphorbia milii pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ kan láti Madagásíkà kan náà, Euphorbia lophogona, tí òdòdó rẹ̀ fi wá tóbi, tó ní pupa, osùn, funfun, àti àwọ̀ ìyeyè. Poysean ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà ní Thailand ló sọ ọ́ ní orúkọ àwọn ẹni àìkú mẹ́jọ inú ìtàn wọn, wọ́n sì gbà pé ẹni tí igi rẹ̀ bá yọ òdòdó mẹ́jọ lórí ìdì kan, oríire ti wọlé tọ̀ ọ́. Èmi ò mọ̀ bóyá òdòdó ń mú oríire wá. Mo mọ̀ pé ìtàn ń mú oníbàárà wá, nítorí náà há a sórí.

Ṣùgbọ́n gbàgbé hóró. Nítorí pé àdàlù ni, ọmọ tó bá hù láti inú hóró kì í jọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka gígé nìkan ló máa fún ẹ ní òdòdó tí o fi owó rà. Òjò Ìbàdàn sì ń tètè pa á ju ti ìbílẹ̀ lọ. Abẹ́ páànù tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ni kó wà láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹ̀wàá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ti pa ixora àti rósì mi ní Ajah. Mo fẹ́ fi adé ẹ̀gún yí ọgbà ká kí olè má baà fò wọlé. (Bàbá onílé, Ajah)

ÌDÁHÙN: Bàbá, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kò lè ṣe é ní nǹkan kan, nípa ìyẹn, igi yín rèé. Ti olè ni mo ń ṣe iyèméjì sí. Kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ó pẹ́ kó tó dé mítà kan àbọ̀, olè tó sì gun ògiri yóò fò ó kọjá. Abẹ́ fèrèsé ló wúlò sí, níbi tí ẹni tó fẹ́ yọjú máa ní láti dúró sí. Ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ni kí ẹ fi jìnnà síra wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń gun ògiri tó sì ní ẹ̀gún, bougainvillea ni kí ẹ wá.

Ohun tó máa pa á ní Ajah ni omi tó ń dúró sílẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ilẹ̀ sókè dé orókún, kí ẹ fi iyanrìn tó pọ̀ kún un. Ẹ má sì gbìn ín sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lé bọ́ọ̀lù.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ lórí rédíò pé oje adé ẹ̀gún ń pa ìgbín. Ìgbín kéékèèké ń jẹ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mi run. Ṣé kí n pò ó mọ́ omi, kí n fi fín wọn? (Àgbẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Rédíò kò purọ́, àmọ́ kì í ṣe ìgbín tìrẹ ni wọ́n ń wí. Ní Rio de Janeiro ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe igi yìí ní coroa-de-cristo, àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí Oswaldo Cruz gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1986 tó fi hàn pé oje rẹ̀, kódà bí wọ́n bá là á mọ́ omi púpọ̀, ń pa ìgbín inú omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwa náà mọ àtọ̀sí ajá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn abúlé tó yí adágún Ọ̀yán ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ṣùgbọ́n inú odò ni ìgbín ìyẹn wà, òṣùwọ̀n tó péye ni wọ́n sì fi ń wọn oje náà. Tìrẹ ń gun orí ewé tí wọ́n máa lọ sè jẹ. Ta ni yóò ra tẹ̀tẹ̀ tí o wọ́n oje adé ẹ̀gún lé? Fi láílọ́ọ̀nù bọwọ́, kí o ṣà wọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nígbà tí wọ́n ń jáde. Gé koríko etí ebè, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án. Eérú gbígbẹ yí ebè ká tún máa ń dá wọn dúró, títí òjò yóò fi fọ̀ ọ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èèwọ̀ ni láti gbin adé ẹ̀gún sí ibojì? Ìlú òkèèrè ni gbogbo àwa ọmọ wà, kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú òdòdó fún màmá wa. (Àwọn ọmọ olóògbé, láti Modákẹ́kẹ́)

ÌDÁHÙN: Èèwọ̀ kọ́, bí kò bá sí nínú ìlànà ìdílé yín. N kò sì mọ òdòdó míì tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ ó tún bá a láàyè. Ẹ gbìn ín sí ìhà orí, nínú ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí sìmẹ́ńtì. Ìhà ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ gbayawu, torí pé bí ẹ bá wálé ṣe ìrántí, ibẹ̀ lẹ ó kúnlẹ̀ sí.